Ọjọ́ òmìnira ní òpópónà wa

Yogyakarta, Indonesia
Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. O ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjọ́ òmìnira níbí. Ìjẹta la ṣe é, inú mi ṣì ń dùn.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ni tiwọn. Lọ́dún 1945, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ààwẹ̀ Ramadan, Sukarno, aṣáájú àwọn tó ń jà fún òmìnira Indonesia, dúró níwájú ilé rẹ̀ ní Jakarta, Mohammad Hatta tí wọ́n jọ ń ṣe aṣáájú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kéde òmìnira. Japan tó ń ṣàkóso wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ túúbá lójú ogun ni. Fatmawati, ìyàwó Sukarno, ló rán àsíá pupa àti funfun tí wọ́n fà sókè. Àwọn òyìnbó Holland, tó ń ṣàkóso wọn kí Japan tó dé, ò gbà, wọ́n padà wá jagun, ìparí 1949 ni wọ́n tó jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fún wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ará àdúgbò ló ni ọdún yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni ilé kọ̀ọ̀kan ti ń dáwó fún olórí òpópónà. Wọ́n kó gọ́tà, wọ́n kun etí títì, kò sílé tí kò ta àsíá. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, a dí ọ̀nà, a tẹ́ ẹní, a gbàdúrà fún àwọn tó kú sógun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé tumpeng jáde: ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n mọ ṣóńṣó, tí ẹyin àti adìẹ yí i ká. Wọ́n gé ṣóńṣó orí rẹ̀ fún baba tó dàgbà jù láàárín wa. Àbẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí baba.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a wo bí wọ́n ṣe fa àsíá sókè láàfin ààrẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé wọ inú àpò, wọ́n ń fò sáré. Ṣùgbọ́n panjat pinang ni kí o wá wò! Wọ́n ri òpó igi gíga mọ́lẹ̀, wọ́n fi gírísì kùn ún látòkè délẹ̀, wọ́n so báàkẹ́ẹ̀tì, aṣọ àti kẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a gùn, àfi kí wọ́n gun èjìká ara wọn. Aládùúgbò mi tó ń ta ọbẹ̀ ẹran ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, gírísì ti bo ojú rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń kígbe orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ wọn tó tó òkè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ẹrù, òun ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan níbí ò fẹ́ràn eré yìí, torí pé láyé ìjọba Holland, òyìnbó a máa jókòó fi àwọn tó ń gùn ún ṣẹ̀rín. Ẹ̀dùn ọkàn wọn yé mi. Ṣùgbọ́n ní òpópónà wa, owó àwọn tó ń gùn ún gan-an la fi ra ohun tó wà lókè.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ẹ fi tàwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, àpò ìrẹsì òfìfo kì í wọ́n lọ́jà. Ta lo rò pé a lè kó owó náà sí lọ́wọ́? Tètè fèsì, kí n lè fi tèmi ránṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́