Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n pè sórí rédíò lọ́jọ́ Ẹtì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí o wá sórí ètò àgbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí o wá sọ̀rọ̀ nípa kajú fún wákàtí kan, kí àwọn olùgbọ́ sì máa pè wọlé. O kú oríire. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní kajú. Bí a ti ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò rí ọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ẹni tó máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà kò jókòó tì ọ́. Ó lè wà lórí ọ̀kadà láàárín Tákíẹ̀ àti Sábó nínú Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè máa rokà lọ́wọ́, ó lè wà lóko lápá Ìkòyí-Ilé kó so rédíò kékeré kọ́ ẹ̀ka igi. Ìdajì etí ló yá ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa gbọ́ ohun tí o bá sọ. Ẹni tó ń kàwé lè padà sókè bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí ibi padà sí.

Kí ó tó di Ọjọ́rú, pe olóòtú ètò náà. Bi í bóyá ojú ẹsẹ̀ ni ètò ń lọ sáfẹ́fẹ́ tàbí wọ́n á gbà á sílẹ̀, bóyá ìwọ nìkan ni tàbí wọ́n á tún pe ẹlòmíràn, ìṣẹ́jú wo ni wọ́n ń ṣí fóònù fún olùgbọ́, àti ta ló ń san owó ètò. Má tijú ìkẹyìn yẹn rárá. Bó bá jẹ́ pé oníṣòwò tó ń ta oògùn kòkòrò ló ń san án, atọ́kùn lè fi ọgbọ́n fà ọ́ síbi tí wàá ti yin oògùn tí o kò lò rí. Ó sàn kí o ti mọ̀ kí o tó délé wọn.

Fi ohun méjì ránṣẹ́ sí i: ìlà méjì nípa ara rẹ, àti ìbéèrè mẹ́fà tó lè bi ọ́. Fi àmì ohùn sí orúkọ rẹ dáadáa, nítorí atọ́kùn tó bá ṣi orúkọ rẹ pè lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá pè wọlé máa pè é. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tó o ní kò wúlò níbẹ̀. «Ó ti ń bá àwọn àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́ kajú láti ọdún mẹ́wàá» tó. Ìbéèrè mẹ́fà yẹn kì í ṣe ìdè fún un o. Ó lè má lo ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n atọ́kùn tó ní ètò mẹ́ta láti ṣe lọ́jọ́ kan máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Wákàtí kan tí wọ́n sọ yẹn, má gbà á bẹ́ẹ̀. Yọ orin ìdánimọ̀ kúrò, yọ ìpolówó ọjà, yọ kíkí, yọ àwọn tó ń pè. Bí o bá rí ìṣẹ́jú 30 lò, o gbìyànjú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí o gbé lọ. Bí èmi bá ni ìwọ, mo máa mú ṣíṣa èyí tó fúnra rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ dípò jíjá a lórí igi, mo máa mú sísá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, mo sì máa mú àpò ìdọ̀họ dípò àpò ọ̀rá, torí kajú tí kò gbẹ tán tí wọ́n dì sínú ọ̀rá máa ń láàgùn, á sì bu. Àrùn ewé, fi í sílẹ̀. Ìrẹ́wọ́ igi, fi í sílẹ̀. Bí olùgbọ́ bá bèèrè, dáhùn. Kọ àwọn mẹ́ta náà gàdàgbà gàdàgbà sórí páálí kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí o bá kọ gbólóhùn tó pé, wàá kà á ni, etí sì máa ń mọ ẹni tó ń kàwé kíákíá.

Ọ̀rọ̀ kíkí wá kù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, a kì í dé ibì kan ká má kí èèyàn. Àmọ́ mo ti gbọ́ àlejò tó kí Ṣọ̀ún, ó kí àwọn ìjòyè, ó kí olùdarí ilé iṣẹ́, ó kí ìjọ rẹ̀, ó kí ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá. Ìgbà tó fi máa dórí ọ̀rọ̀, ìpolówó ti dé. Gbólóhùn méjì: kí Kábíyèsí, kí àwọn olùgbọ́, kí o wọlé.

Nọ́ńbà ló ń da ọ̀pọ̀ àlejò láàmú jù. Nínú ìwé rẹ, o kọ ọ́ pé igi 100 ló ń wọ hẹ́kítà kan bí a bá fi mítà 10 sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wa kì í ka ilẹ̀ ní hẹ́kítà. Sọ pé: «Ogójì igi nínú éékà kan. Láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì, kí ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́tàlá àgbàlagbà.» Ìgbésẹ̀ ni ẹni tó wà lóko lè fi wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ láì wá tépù kiri. Má sọ ju nọ́ńbà kan lọ nínú gbólóhùn kan. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà tó ní ìdín nínú, bí i márùndínlọ́gọ́rin, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà, torí ọ̀dọ́ tó ń yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rin lórí kò ní gbọ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Kí o sì máa rọra sọ̀rọ̀. Bí a bá ń yára, ohùn ọ̀rọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, igba náírà á dún bí ìgbà, ìgbà á dún bí igbá. Lójúkojú, ojú àti ọwọ́ rẹ á tún un ṣe. Lórí rédíò, ohùn nìkan ni ẹni yẹn ní. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí o dáhùn ìbéèrè kan, kí o wo aago. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 45 sí ìṣẹ́jú kan ló dára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, atọ́kùn ti ń wá ibi tó máa ti já ọ gbà. Bí o bá ti parí ìdáhùn, jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀, kí o sì dákẹ́. Má fi «àti pé... nítorí náà... ṣé ẹ rí i» so ìdí ọ̀rọ̀ mọ́ra, atọ́kùn kò ní mọ̀ bóyá o ti ṣetán, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a ń lò ní ọ́fíìsì, fi ohun tó ṣeé rí tàbí tó ṣeé gbọ́ rọ́pò rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rédíò: ó ń gba ohùn gbogbo, kì í ṣe ohùn èèyàn nìkan. Dípò kí o máa sọ iye omi tó kù nínú kóró, mú ẹ̀kúnwọ́ kajú tó gbẹ dáadáa dání, kí o mú ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára èso rẹ̀, àti abọ́ páànù kan. Da tútù sínú abọ́, á dún pọ̀-pọ̀-pọ̀. Da gbígbẹ, á dún ṣàkàṣàkà. Lẹ́yìn náà gbé gbígbẹ kan sétí kí o mì í, kí o sọ fún wọn pé ohun tó ń mì nínú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó ti gbẹ kúrò lára èèpo. Ẹni tó wà lóko á mú ti ara rẹ̀, á mì í. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn, á ṣì rántí. Ṣùgbọ́n sọ fún olóòtú ṣáájú, kí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ lè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páànù yẹn á bẹ́ mọ́ gbogbo ìlú létí. Má sì gbìyànjú láti fi eyín pa á níbẹ̀ láti fi dánilójú o, ìwọ náà mọ bí epo èèpo rẹ̀ ti ń jó ètè.

Bó bá jẹ́ Gámbàrí ni ilé iṣẹ́ náà wà, má fi ojú ọ̀nà inú ìlú wò ó, tètè kúrò nílé. Dé síbẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Pa fóònù rẹ pátápátá. Kí o kàn pa ohùn rẹ̀ kò tó, nítorí bí ìpè bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún tìtì-tìtì kí fóònù tó mì rárá. Bọ́ bángù ọwọ́, má wọ aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sè tó ń dún wàràwàrà, má lu tábìlì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o mu, má mu mínírà, torí gígùfẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀bẹ̀.

Níwájú gbohùngbohùn, fi ìkúùkù kan sí méjì sáàárín ètè rẹ àti òun, kí o yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí tó ń bá «b» àti «f» jáde má baà kọlù ú tààrà. Níbi tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí o dúró sí. Bí o bá ń fà sẹ́yìn nígbà tí o ń ronú tí o sì ń sún mọ́ ọn nígbà tí inú rẹ bá dùn, ohùn rẹ á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni ń jẹ jangíróváà. Bí wọ́n bá fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò ọ́ létí, ohùn ara rẹ máa kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù. Máa sọ̀rọ̀ bí o ti ń sọ ọ́, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ló máa tún un ṣe. Atọ́kùn tó bá ń yí ìka lójú afẹ́fẹ́ ń sọ pé kí o kó ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Èyí tó fi ọwọ́ la ọrùn, dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà ìpolówó, gbà pé gbohùngbohùn ṣì ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń tú àṣírí.

Àwọn tó ń wọlé láàárín ètò pọ̀ ju àwọn tó bá a láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Má sọ pé «gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan». Tún un sọ ní gbólóhùn kan, bí ẹni pé o kò sọ ọ́ rí.

Bí wọ́n bá ṣí fóònù, fi bírò kọ orúkọ, ìlú àti ìbéèrè. Ẹni kan á kí atọ́kùn fún ìṣẹ́jú méjì kó tó bèèrè, ìlà á sì ti já. Tún ìbéèrè náà sọ ní kúkúrú kí o tó dáhùn, torí ohùn orí fóònù kì í dé etí gbogbo èèyàn geere. «Ẹ̀yin tí ẹ pè láti Ajáàwà, ẹ bèèrè bóyá òjò tó pa kajú yín á bà á jẹ́.» «Ẹ» ni kí o lò fún gbogbo wọn. Ohùn tó dún bí ti ọmọdé lè jẹ́ ti ìyálọ́mọ, ẹni tí o kò sì rí, o kò lè fojú wọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bínú, pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan, pé ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kì í wá sóko, má rẹ́rìn-ín, má jiyàn. Mú èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, gbà á, sọ ohun tó lè ṣe lọ́la, kí o dákẹ́.

Wọ́n máa bèèrè iye tí wọ́n ń ra kajú. Má dárúkọ owó. Ohun tí o bá sọ lówùúrọ̀ Ẹtì, wọ́n á fi bá olùrajà jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: «Rédíò ló sọ ọ́!» Ìyẹn tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, kí o sọ ibi tí wọ́n ti lè bèèrè. Bí atọ́kùn bá ní, «Ṣé òótọ́ ni pé olè ni àwọn oníṣòwò kajú?», má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ «olè» ti ẹnu rẹ jáde, kódà láti sẹ́ ẹ, «wọn kì í ṣe olè» ni wọ́n máa rántí ìdajì rẹ̀. Sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n àti bí àgbẹ̀ ṣe lè wọn ọjà tirẹ̀ nílé kó tó gbé e jáde.

Má dárúkọ ilé iṣẹ́ tàbí èèyàn tí o ń fi ẹ̀sùn kàn. NBC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣọ́ iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, ti fi ìtanràn jẹ ilé iṣẹ́ rí lórí ohun tí àlejò sọ. Ní 2020 ni wọ́n gbé ti ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní ₦500,000 sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Bí atọ́kùn bá já ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu lójijì, má bínú sí i. Owó wọn ló ń ṣọ́.

Bí wọ́n bá ní kí o fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀, lo síìmù mìíràn, nítorí aago márùn-ún ìdájí ni àgbẹ̀ ń pè. Pè é ní mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, kí o dúró díẹ̀ láàárín wọn, kí o tún un pè.

Bí òjò bá dí ọ lọ́nà tí wọ́n ní kí o sọ̀rọ̀ látorí fóònù, wọ inú yàrá tó ní aṣọ ìkélé, gbé fóònù sétí, má tan sípíkà rẹ̀, kí o pa rédíò ilé, torí ohùn rẹ á máa padà wá bá ọ lẹ́yìn tí o ti sọ ọ́ tán, ahọ́n á sì kọ́.

Mú fílaṣì kan dání kí wọ́n da ètò náà sínú rẹ̀ fún ọ. Gbọ́ ọ lálẹ́ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí o ka iye ìgbà tí o sọ pé «ṣé ẹ rí i». Bí atọ́kùn bá ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bi í ní orí ọ̀rọ̀ kí o tó gbà.

Bá mi kí Ìyá àti àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ

Mo tún rántí o: abọ́ páànù yẹn, dán an wò nílé lọ́jọ́bọ̀, kí o sì mú kajú tútù tí wọ́n yọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó ti lo ọjọ́ méjì ti ń gbẹ, kò ní dún bí o ti fẹ́.