Níbo Ni Kí Ọkọ̀ Gbà? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Kétu

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ẹ pọ̀ débi pé àga kò tó, àwọn kan dojú odó délẹ̀, wọ́n fi jókòó. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba ẹ̀yìn àdúgbò yín, kí wọ́n ṣe afárá sórí ipadò, kí àwọn kàmíọ́nù tó ń ti Pọ̀bẹ̀ bọ̀, tó ń lọ sí Ìlárá àti ẹnubodè Nàìjíríà, má la àárín ìlú kọjá mọ́. Ẹ ní ẹ kò gbà. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo rí sí i. Mo fèsì díẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ọ̀dọ́ Kétu wa yìí, ní ilẹ̀ Benin, lè kà á, títí kan àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà tí kàmíọ́nù ń gbà lónìí. Àwọn náà bímọ.

Ìbínú yín tọ́. Ẹni tí títàn, kàmíọ́nù gàgàrà yẹn, kò bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá kò lè mọ̀ ọ́n. Lóru, wàá gbọ́ ọ láti òkèèrè kó tó dé, ilẹ̀kùn á máa gbọ̀n, abọ́ á máa lura wọn lórí pẹpẹ, ọmọ ọwọ́ á ta jí. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ẹ̀gẹ́ tí a sá, á bo ata, á bo omi inú ìkòkò. Èéfín ńkọ́? Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀tá ìdàgbàsókè nítorí pé ẹ fẹ́ mí èémí tó dára.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ ní gbangba rí, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ títíṣà, òjò ba ọ̀nà ńlá jẹ́ lọ́dún kan, àwọn kàmíọ́nù wá ń yà gba àdúgbò tí mò ń gbé. A lọ bẹ àwọn awakọ̀, wọn kò gbọ́. Lóru ọjọ́ kan, àwa obìnrin jáde. A wọ́ igi, a kó òkúta, a kó odó tó ti là, a fi dí ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin rí wa, ojú tì wọ́n, wọ́n bá wa gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá. A kọrin, a jó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè ibi tí àwọn ọkọ̀ náà gbà lọ.

Wọ́n gba ojú ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni.

Kò pé oṣù kan. Kàmíọ́nù kan ń padà sẹ́yìn, awakọ̀ rẹ̀ kò rí ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi, tí kò tíì pé ọdún méje, ń bọ̀ pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́. Kò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gùn bí èkejì mọ́ títí dòní. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá wa gbé igi lóru ọjọ́ náà. Èmi àti ẹ̀ la jọ di orí igi kan náà mú. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ẹ ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, èmi rí i lójú ara mi. Awakọ̀ náà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwa la darí ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi bi yín lọ́jọ́ Àìkú pé: níbo ni kí wọ́n gbà? Gbogbo yín dákẹ́. Ọ̀kan nínú yín wá ní, “Ìyá, kí wọ́n gba ibòmíràn.” Ọmọ mi, ta ló ń gbé ibòmíràn yẹn?

Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, kì í ṣe bí àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò ṣe ń wò ó. Àwọn bàbá wa wa yàrà yí ìlú ká, wọ́n mọ odi, síbẹ̀ wọn kò dí ìlú pa. Wọ́n jókòó, wọ́n yan ibi tí àlejò yóò gbà wọlé, wọ́n sì fi oníbodè síbẹ̀ kí ó rí ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó gbé. Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ogun Dáhòmè kó ìlú yìí lọ́dún 1886, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn wa padà dé láti oko ẹrú, wọ́n tún ìlú ṣe, ẹnubodè náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìlú tó ní odi tí kò ní ẹnubodè, ebi ni yóò pa á. Àgbàdo wa, gààrì wa, ẹ̀pà wa, kàmíọ́nù ló ń kó wọn. Bí ẹ bá sọ fún mi pé kàmíọ́nù kankan kò gbọdọ̀ wọ Kétu, n kò ní bá yín sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín jìnnà díẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé ní Ottawa, olú ìlú Kánádà. Odò ńlá kan pín ìlú náà àti Gatineau níyà. Wọ́n ṣí afárá Macdonald-Cartier lọ́dún 1965, láti ìgbà pípẹ́ sì ni àwọn kàmíọ́nù ti ń gba orí rẹ̀ wọ títì King Edward, láàárín ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn onímọ̀ wá ní kí wọ́n kọ́ afárá mìíràn ní ìlà oòrùn, ní erékùṣù Kettle, kí àwọn ọkọ̀ gba ọ̀nà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn Montfort. Àwọn ará ìlà oòrùn ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n ka ìwádìí lójú ìwé lójú ìwé. Ní ọdún 2013, ètò náà dáwọ́ dúró. Ẹ rò pé ó parí? Ní ọdún 2019 ọ̀rọ̀ afárá tún jáde nínú ìwé ìṣúná ìjọba, kàmíọ́nù sì ń kọjá ní King Edward síbẹ̀. Àwọn tó borí kò sùn, àwọn tí wọn kò gbọ́ tiwọn kò sùn. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àdúgbò méjì tí ẹrù kan náà ń wọ̀ lọ́rùn di ẹni tó ń wo ara wọn bí ọ̀tá.

Ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, ó rí bákan ṣùgbọ́n ó yàtọ̀. Àwọn ará Delray mọ̀ pé afárá Gordie Howe, tí yóò so Detroit mọ́ Kánádà, yóò dé sí àdúgbò wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì fi ìjà nìkan mọ. Wọ́n kó ara wọn jọ láti béèrè ohun tí àdúgbò yóò rí gbà. Lára ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni ètò tí ẹni tó bá fẹ́ kúrò nítòsí afárá fi lè pààrọ̀ ilé rẹ̀ fún ilé tí ìlú ti tún ṣe níbòmíràn. Kò tó ohun tí wọ́n pàdánù, n kò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ó sàn ju igi tí a fi dí ọ̀nà lọ.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ mi. Èwo nínú yín ló ti fojú ara rẹ̀ rí ìwé afárá yìí? Kò sí. Orí WhatsApp ni gbogbo yín ti gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì méèrì, ẹ mú lẹ́tà lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ béèrè bóyá ètò kan wà àti ibi tí ìlà ọ̀nà náà gbà. Òfin ilẹ̀ wa wà lẹ́yìn yín. Abala 27 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, ó sì sọ pé ojúṣe wa ni láti dáàbò bò ó. Ojúṣe, ẹ gbọ́ ọ. Abala 22 sọ pé wọn kò lè gba dúkìá ẹni fún ànfààní gbogbo ìlú láìkọ́kọ́ san owó tó tọ́. Òfin 98-030 ti ọdún 1999 lórí àyíká ló fi ìwádìí ipa iṣẹ́ lé irú iṣẹ́ báyìí lórí, ó sì fàyè gba ìpàdé gbangba tí ará ìlú ti lè sọ tẹnu wọn. Ẹ béèrè ìwádìí náà. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa láti kà á fún àwọn ìyá tó ń pọn omi ní ipadò, nítorí àwọn ló mọ ibi tí omi ń kún dé nígbà òjò, kì í ṣe ẹni tó fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán.

Ẹ ka ọkọ̀. Ìkùnsínú kò tó, iye ni ẹ ó gbé síwájú wọn. Ọjọ́ mélòó kan, láti àárọ̀ dé òru, kí ẹ kọ wákàtí, ìhà tó ń lọ àti irú ọkọ̀. Òfin UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, ìyẹn Règlement 14 ti ọdún 2005, kò jẹ́ kí kàmíọ́nù tó tóbi jù lọ kọjá 51 tọ́ọ̀nù tòun tẹrù. Ìdí wà níbẹ̀: bí ẹrù orí ọ̀pá tó so táyà méjì pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà ń súnmọ́ ìlọ́po 16. Ọkọ̀ kan tó gbé àgbéjù lè ba ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò lè bà jẹ́. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n máa wọn ọkọ̀ kó tó wọ̀lú, kí wọ́n má kọjá nígbà tí ọmọ ń lọ ilé ìwé tàbí tó ń bọ̀, kí ibi kan wà níta ìlú tí wọn yóò máa dúró sí lóru. Kò sí èyí nínú wọn tó ń dúró de afárá. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́la.

Nípa Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn àlejò mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, àjọ UNESCO bu ọlá fún un lọ́dún 2001, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ Kétu gbọ́dọ̀ mọ ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe lálẹ́. Kì í sá pamọ́ sẹ́yìn ilé bú ẹnikẹ́ni. Ojú ọjà ló ti ń sọ ohun tó rí, ojú gbogbo èèyàn, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ má sun táyà. Ẹ má fi èébú tàbí irọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, òfin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ti mú àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. N kò fẹ́ wá gbé oúnjẹ fún yín níbẹ̀.

Ẹni tó ń wá ìbò yóò wá bá yín. Ẹ fún un ní omi mu, ẹ má fún un ní àga alága.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ojú ọ̀nà ńlá. Kí àwọn àti ẹ̀yin jọ jókòó, kí ẹ gbọ́ bí òru ṣe rí fún wọn, kí orúkọ wọn sì wà lórí lẹ́tà náà pẹ̀lú tiyín. Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn ti di ìyá báyìí, etí ọ̀nà yẹn ló ń gbé. Ẹ kí i fún mi.

Kíka ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ní aago mẹ́fà àárọ̀, ní oríta. Ẹ mú ìwé àti bírò wá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì fún alẹ́. Èmi ni n ó ka wákàtí méjì àkọ́kọ́. Ẹ bá mi gbé àga kan wá.

Ìyá yín, títíṣà àtijọ́,
Kétu