Ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọdé pé ọ̀gà kì í kó àwọ̀ aṣọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí tí mo máa ń rà ní Kútọ̀ kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ítòkú. Mi ò kí ń kọ lẹ́tà sẹ́nikẹ́ni, lórí wọ́ọ̀sáàpù gan-an ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ sójú ewé àwọn ọmọdé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó ti bírò. Ẹ ní bí ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ, bá gun aṣọ pupa á pupa, bó bá gun funfun á funfun. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, kà á tán, ó dákẹ́, mi ò mọ̀ pé ńṣe ló ń gbèrò.

A ní ọ̀gà kan nílé. Kì í ṣe irú tinú igbó wa níbí o, àjèjì ni tiwa, ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n àti apá kan Sáúdí ni ìran rẹ̀ ti wá, àwọn òyìnbó ló ń sìn ín nílé bí ẹni ń sin ológbò. Àbúrò mi ọkùnrin ló rà á l'Ékòó, nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Àbújá ló bá kó o fún mi tòun ti kéèjì àti gílóòbù, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù méjì péré ni." Ọdún kejì rè é. Ẹranko náà ní nǹkan kan tó yọ gàgà lórí bíi láwàní, ìdí nìyẹn tá a fi sọ ọ́ ní Alhaji, tó fi di Alhaja lónìí, màá débẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, mo ti ọjà dé, mo bá ọmọ yìí lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti tẹ́ aṣọ mẹ́ta sílẹ̀: Ańkárá pupa mi kan, àdìrẹ kan tí mi ò tíì tà, àti pílòkéèsì funfun. Alhaja wà láàárín wọn. Ẹ gbọ́, kò pupa, kò funfun, kò sì jọ àdìrẹ. Ńṣe ló dúdú bí iṣu tó jóná, ó wú, ó pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi ayọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ó la ẹnu, ó ń mí háà háà, ó sì ń mì síwá sẹ́yìn. Ọmọ ní "Mọ́mì, kò ṣiṣẹ́, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Mo ní ta ló sọ fún ẹ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì lọ gbé ìwé ìròyìn yín wá.

Mi ò lè bínú sí i. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí yín dáadáa, torí èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó pa ẹran náà.

Ẹni tó ta á fún àbúrò mi (mi ò ní dárúkọ rẹ̀) ló sọ fún wa pé bó bá ti ń dúdú, ẹ sáà kó ewé tútù yí i ká, á kó àwọ̀ ewé padà. Oṣù kẹsàn-án lọ́dún tó kọjá, Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí dúdú lóòótọ́. Kì í ṣe dúdú lásán, gíríìnì tó ti sún mọ́ dúdú ni, tí àmì yẹ́lò àti búlúù wá tò sí i lára tótòtó, àfi bí ìgbà tí kańdẹ́là bá kán sórí aṣọ kó tó wọnú aró. Ó rẹwà o, kí n má purọ́, mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò pé màá fi ṣe bátànì. A kó ewé tì í. A tún kó sí i. Kò yí padà. Ó wá ṣíwọ́ oúnjẹ, ìrẹ̀ tó máa ń yọ ahọ́n sí tẹ́lẹ̀, ìrẹ̀ á gorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wò ó. Ẹran tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí igi wá ń rìn nílẹ̀ kéèjì láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀ họrọ họrọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ gbé e jù sínú igbó, pé nǹkan tó ń họ ilẹ̀ nínú ilé kì í ṣe ẹranko lásán. Ẹ mọ̀ bá a ṣe máa ń ṣe sí ọ̀gà nílẹ̀ Yorùbá, bó bá gba títì kọjá, àgbàlagbà tó lówó lọ́wọ́ á bọ́ sí apá kejì, wọ́n ní ó lóró, bẹ́ẹ̀ kò ní oró kankan, kó géni jẹ nìkan ló mọ̀, ìyẹn bó o bá yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo gbé e sínú báásíkẹ́ẹ̀tì, ó di ọ̀dọ̀ dọ́kítà ẹranko kan lápá Ọbáńtokò, ẹni tó jẹ́ pé ajá àti adìyẹ ló ń tọ́jú jù. Ọkùnrin náà rọra fi ìka méjì tẹ ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "Màmá, Alhaji yín lóyún." Mo ní báwo, òun nìkan ló wà. Ó yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí, ó ní akọ irú ọ̀gà yìí máa ń ní gògó kékeré kan lẹ́yìn gìgísẹ̀ látọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin, eléyìí ò ní, obìnrin ni. Ó ní bí adìyẹ agric ṣe ń yé láìsí àkùkọ náà ló ṣe máa yé tiẹ̀, ẹyin náà ò kàn ní di ọmọ ni. Àti pé àwọ̀ tá a rò pé àìsàn ni yẹn, abo máa ń gbé e wọ̀ bí ẹyin bá ti wà nínú rẹ̀, kí akọ tó bá ń bọ̀ lókèèrè lè mọ̀ pé kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òun ò fẹ́ ọkọ, àwa ń kó ewé tì í.

Dọ́kítà ní iyanrìn ló ń wá nílẹ̀ yẹn. Bí kò bá ríbi gbẹ́, ẹyin lè há sí i nínú kó sì kú. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ délé. Mo da iyanrìn bíríkìlà sínú báàkẹ́ẹ̀tì ńlá kan, mo bu omi sí i títí tó fi le dì bó o bá fọwọ́ fún un, mo gbé e sínú kéèjì, mo ta aṣọ bò ó torí wọ́n ní bó bá rí ẹni tó ń wo òun kò ní gbẹ́ mọ́. Lóru ọjọ́ kejì mo yọjú díẹ̀. Ìrù nìkan ni mo rí, gbogbo ara ti wọlé, iyanrìn ń fò jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ajá bá ń wá egungun. Ilẹ̀ mọ́, ó ti di í padà tán ó tẹ̀ ẹ́ tẹ́jú, ó wà lórí igi, ó ti rù gan-an, ó mu omi bí ẹni tó gbààwẹ̀. Mo ka ẹyin 38, funfun, wọ́n rọ̀. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ tiẹ̀ ná, àìmọ̀-ọ́n-jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ, ti Alhaja ò tiẹ̀ dé orí ijó rárá. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà sí gíríìnì díẹ̀díẹ̀, láìsí ewé kankan o. Látìgbà yẹn dọ́kítà ní ká dín oúnjẹ rẹ̀ kù ká má sì jẹ́ kí gílóòbù gbóná jù, pé àjẹyó ló ń mú kó máa yé léraléra, yíyé ọ̀hún ló sì máa ń jẹ́ kí abo tètè kú ju akọ lọ.

Olóòtú, ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mọ́ èmi jù, torí aláró ni mí. Mo ti rò ó pé inú ọ̀gà ni ìkòkò aró wà, pé ó ń rẹ ara rẹ̀ bí mo ṣe ń rẹ aṣọ. Irọ́ ni. Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé lọ́dún 2015 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Geneva yẹ awọ ọ̀gà kan wò, irú mìíràn tó wà ní Madagásíkà, wọ́n sì rí i pé kírísítálì kéékèèké ló tò sínú rẹ̀ bíi bíríkì, ojú lásán ò lè rí wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lù wọ́n ló ń di àwọ̀. Bára ọ̀gà bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra, búlúù ni wọ́n máa tàn jáde, èròjà yẹ́lò sì wà lókè awọ, búlúù gba inú yẹ́lò kọjá, ó di gíríìnì. Ta ló fẹ́ kọ́ mi níyẹn n'Ítòkú? Bá a ṣe ń ṣe gíríìnì náà nìyẹn, a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ ní yẹ́lò ká tó tì í bọnú aró. Bínú bá wá bí i, tàbí tó rí akọ mìíràn, kírísítálì á jìnnà síra, àwọ̀ á sún sí yẹ́lò, ọsàn, pupa. Ti dúdú yàtọ̀, èròjà dúdú tó wà lára àwa èèyàn náà ló máa ń tàn kálẹ̀ lókè awọ tí á bo ìyókù. Ìdí tó fi máa ń yá nìyẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Aṣọ tèmi tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, gíríìnì ló máa ń jẹ́, ojú yín báyìí ni afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di búlúù, ṣùgbọ́n tèmi ò lè padà, ti ọ̀gà ń lọ ó ń bọ̀.

Kò síbi tí aṣọ tó gùn ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Gíríìnì tó ń jẹ́ lójoojúmọ́ ti jọ ewé tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń fi í pamọ́. Ìyókù, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Lọ́dún 2013 àwọn onímọ̀ méjì kan ní Yunifásítì Arizona State l'Ámẹ́ríkà kó akọ irú tiwa yìí gan-an síwájú ara wọn, wọ́n ń wọn àwọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń fẹ́ jà. Èyí tí ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù ló máa ń sún mọ́ ìkejì, èyí tí orí rẹ̀ bá tètè yí tó sì mọ́lẹ̀ ló máa ń borí, wọn ò tiẹ̀ ní tíì fara kanra nígbà mìíràn. Ẹni tó bá rí i pé òun ò lè ṣe é á dúdú kíá, ìyẹn ni "ẹ̀gbọ́n mo tọrọ àforíjì" tiwọn. Ẹ wò ó, nígbà tí Alhaja dúdú níwájú ọmọ mi lọ́jọ́bọ̀ yẹn, kí ló ń sọ?

Dúdú náà ò jẹ́ ohun kan ṣoṣo o, ibẹ̀ ló ń ṣòro. Láàárọ̀ tí mo bá gbé kéèjì sí bàrándà (nẹ́ẹ̀tì ni kéèjì, kì í ṣe gíláàsì, gíláàsì máa ń dí ohun tó wà nínú oòrùn tí egungun rẹ̀ nílò), á yí ẹ̀gbẹ́ kan sóòrùn, ẹ̀gbẹ́ yẹn á dúdú kó lè fa ooru, ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí ògiri á ṣì wà ní gíríìnì, bí aṣọ tí ọmọṣẹ́ ọ̀lẹ rẹ níbi kan. Ìyẹn ò burú. Bó bá yá sọ́sàn-án tí Abẹ́òkúta bá wá gbóná bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á mọ́lẹ̀ bí ewé tó ti pọ́n, kó má gba ooru sí i ni. Lóru bó bá sùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó yẹ kó já èèyàn láyà ni pé kó dúdú láti àárọ̀ dalẹ́ kó sì máa di ojú lọ́sàn-án, tàbí kí ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ojú rẹ̀ jìn, omi ló ń wá, omi sì wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀ o, kì í mọ omi tó bá dúró jẹ́ẹ́, àfi kó máa kán lórí ewé. Mo ra ike tí wọ́n fi ń fín irun ní sàlúùnù, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mo ń fín in.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ bá mi tún un kọ sójú ewé àwọn ọmọdé yẹn, ibi tó hàn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi ìpolówó ọjà. Ilé mélòó ló ń sin ọ̀gà, mo mọ̀ pé kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń rí ti inú igbó wa náà, wọ́n á mú un, wọ́n á máa gbé e láti orí aṣọ kan sí èkejì, bó bá dúdú wọ́n á pàtẹ́wọ́ pé ó ń ṣeré. Kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ló ń bà á, kí wọ́n gbé e padà sórí igi.

Ọmọ tèmi ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaja. Mo fún un ní ẹ̀sásáìsì kan kó máa kọ àwọ̀ rẹ̀ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Aago 7 àárọ̀. Apá ọ̀tún dúdú, apá òsì gíríìnì. Mọ́mì wọ aṣọ pupa kọjá. Alhaja ò wò wọ́n."

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.