Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń fi àwòrán jẹun,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé òru ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣiṣẹ́, nígbà tí iná bá dé. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, mò ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lẹ́yìn náà mo ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí kọ̀ǹpútà tó dé tí mo fi ìbínú kọ́ CorelDRAW, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kankan ò san owó oṣù fún mi rí. Gbogbo ìyà tí mo sì jẹ nídìí iṣẹ́ yìí, orísun kan náà ló ti wá: mo máa ń gba iṣẹ́ lẹ́nu lásán.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gba 300 ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, mo gbé e dé ilé olókùú, fọ́tò màmá níwájú pẹ̀lú gèlè aláró, inú mi ń dùn. Àbúrò olóògbé mú ọ̀kan, ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá na ìka sí àkọ́bí màmá, ó ní: “1963 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi? Ta ló wá bí eléyìí ní 1958?”

1936 ni. Lórí fóònù ni wọ́n ti pè é fún mi. Àwọn ní 1936 làwọn pè, èmi ní 1963 ni mo gbọ́. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí? Òru ọjọ́ náà, a tẹ 1936 sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́, ìyàwó mi ń gé e, èmi ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó dọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ń wàásù, àwọn èèyàn ń fi èékánná ṣí pépà yẹn kí wọ́n lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò gba owó tó kù. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bèèrè?

Láti ìgbà náà, kò sí iṣẹ́ mi tó ń dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tí olówó rẹ̀ ò kọ́kọ́ ka orúkọ, déètì àti nọ́ńbà fóònù inú rẹ̀ sókè fún mi, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “mo ti kà á, ó pé” sídìí rẹ̀. Tó bá wà lókèèrè, kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó má ṣe sọ ọ́ ní ohùn. Ohùn ló kó bá mi.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: “Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ na ìwé sí àgbà pé kó bọwọ́ lù ú?” Òótọ́ ni. Nílẹ̀ wa, bí ẹni pé o pè é ní olè ni. Ẹ má sọ pé ẹ ò fọkàn tán wọn. Ẹ di ẹ̀bi ru orí ara yín: “Ẹ má bínú sà, mo máa ń gbàgbé nǹkan, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà ṣe é lódìlódì fún yín.” Mi ò tíì rí àgbà tó bínú sí gbólóhùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi ránṣẹ́: iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, iye rẹ̀, àsansílẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, iye ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe.

Àtúnṣe yìí gan-an ló ń pa oníṣẹ́. “Ẹ bá mi gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀.” “Ẹ bá mi sọ àwọ̀ yẹn di búlúù.” “Ìyàwó mi ní ti àkọ́kọ́ ló dáa jù.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkẹta lówó, ó sì wà nínú ìwé.

Iye tí ẹ máa pe iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má wo aṣọ kọ́sítọ́mà kí ẹ tó dá iye. Ilé ni ẹ ti máa ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦180,000 ni èèyàn fẹ́ rí lóṣù. Nínú ọjọ́ 22 tó fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́wàá ti bá wíwá kọ́sítọ́mà àti sísin gbèsè lọ. Ó ku 12. ₦15,000 lójúmọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì jẹ́ ₦45,000, kí ẹ tó ka epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa ni? Ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ wá kọ “ẹ̀bùn” sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n gbà.

Ẹ tún fi ìlà kan nípa àwọ̀ sínú ìwé àdéhùn yẹn. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ojú fóònù fi ń tàn, ṣùgbọ́n tàdáwà aláwọ̀ mẹ́rin ni atẹ̀wé ń lò. Àwọ̀ ewé tó ń dán lójú fóònù lè jáde bí ewé gbígbẹ.

Mo tún ya àwòrán ìjàpá kan fún ìwé àwọn ọmọdé nígbà kan. Wọ́n sanwó ẹ̀ẹ̀kan, ó parí, bí mo ṣe rò. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ mi gbé ìwé mìíràn wálé, ìjàpá mi wà lẹ́yìn rẹ̀, fìlà tí mo dé fún un ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi bá wọn jà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ o: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022 (Copyright Act), ní ẹni tó ya àwòrán ló kọ́kọ́ ni ín, bí ẹlòmíì tilẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá kọ ọ́ síwèé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà á wà títí ayé yín, á tún fi 70 ọdún kún un fún àwọn ọmọ yín. Nítorí náà, kí ẹ tó bọwọ́ lu ìwé tiwọn, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti ń kéré.

Ìwé àdéhùn tí mò ń lò kò ju ojú kan lọ. Bí ẹ bá gba Tákíé kọjá, ẹ yà, kí ẹ wá dà á kọ. Ẹ mú bírò tiyín dání; àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kó tèmi lọ.

Èmi ni bàbá yín, oníbúrọ́ọ̀ṣì.