Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ìgboro Tó Kún fún Ọmọdé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ariwo ọmọ. Ilé ìwé ti gba ọlidé, ó di oṣù kẹsàn-án kí ilé yín tó tún dákẹ́ láàárọ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òbí bíi mélòó kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ìjọ wá ètò tí yóò máa gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, títí ilé ìwé yóò fi wọlé. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, àdúrà, lẹ́sìn ìṣirò, kọ̀ǹpútà, ohunkóhun, “kí wọ́n má kàn máa ṣeré ṣáá, Pásítọ̀.” Mo gbọ́ yín. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ọlọ́sẹ̀ kan tí a máa ń ṣe fún àwọn ọmọ yóò wáyé bó ṣe máa ń wáyé. Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ di alẹ́ yẹn, mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé n kò fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín látinú Ìwé Mímọ́.

Ẹ ṣí Sekaráyà orí keje. Ọdún kẹrin ìjọba Dáríúsì ni, ìyẹn nǹkan bí ọdún 518 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn kan wá sí Jerúsálẹ́mù láti bi àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì léèrè pé, ṣé kí àwọn ṣì máa sunkún, kí àwọn máa gbààwẹ̀ ní oṣù karùn-ún bí àwọn ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ? Oṣù karùn-ún àwọn Júù, àárín oṣù keje sí ìkẹjọ tiwa ló máa ń bọ́ sí, àsìkò tí a wà yìí gan-an. Oṣù yẹn ni àwọn ará Bábílónì dáná sun tẹ́ńpìlì, ẹ ó rí i nínú 2 Ọba 25:8-9. Ó ti tó bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Tẹ́ńpìlì tuntun ti ń ga bọ̀, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó tó àkókò láti nu ojú nù.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ìdáhùn Ọlọ́run gba odindi orí méjì. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá òun gan-an ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún, ó wá rán wọn létí opó, aláìníbaba, àlejò àti tálákà. Nígbà tó kan kó sọ bí ìlú náà yóò ṣe rí tí òun bá padà wá gbé àárín rẹ̀, ẹ wo ohun tó mú sọ ní orí kẹjọ, ẹsẹ kẹrin àti ìkarùn-ún. Ó ní àwọn bàbá arúgbó àti ìyá arúgbó yóò tún jókòó ní ìgboro Jerúsálẹ́mù, ọ̀pá á wà lọ́wọ́ kálukú nítorí ọjọ́ orí, ìgboro yóò sì kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ń ṣeré.

Ẹni tí kò bá ka Ẹkún Jeremáyà lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹ lọ ka orí kejì ibẹ̀. Nígbà tí ogun dó ti ìlú náà, ìgboro kan náà yìí ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń dákú sí. Wọ́n ń bi ìyá wọn pé níbo ni oúnjẹ wà, ẹ̀mí sì ń bọ́ lára wọn láyà ìyá wọn. Àwọn tí Sekaráyà ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó fojú rí i ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ ohun tí Ọlọ́run ń wí. Ọmọ tó ń ṣeré ti yó. Ara rẹ̀ le, ẹnikẹ́ni ò sì lé e. Àgbàlagbà tó jókòó tó ń wò ó, ogun ò pa á, ebi ò pa á, ó dàgbà débi tó fi ń tẹ̀pá. Ìgbà tó di ẹsẹ kọkàndínlógún ni Olúwa tó padà sórí ààwẹ̀: ti oṣù kẹrin, ti ìkarùn-ún, ti ìkeje àti ti ìkẹwàá, gbogbo rẹ̀ ló ní yóò di ayọ̀ àti àpèjẹ. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé Pásítọ̀ ti fagi lé ààwẹ̀ Ọjọ́rú o. Ó wà bẹ́ẹ̀. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ó ṣínu.)

Ẹ wá wo Àkúrẹ́ wa lásìkò yìí. Iṣu tuntun ti wọ Ọjà Ọba, ìró odó sì ti padà sí agboolé. Láti Ìjọ̀kà dé Òkè-Àró, kò sí kọ̀rọ̀ tí wọn ò ti sun àgbàdo, ẹni tó bá rówó ra àgbọn kún un ti jayé. Òjò ń sinmi díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn tutù, igbá ìgbín kún ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà ti ń dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á máa sá fún adìẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn náà ti wà lẹ́sẹ̀ odó, wọ́n ń jà du ọmọ odó.

Lọ́jọ́bọ̀, mo yà kí ìdílé kan nínú ìjọ wa. Awakọ̀ ni bàbá ilé, ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Ìta ni mo bá a, ọpọ́n ayò wà láàárín òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Màmá àgbà na ẹsẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ yìí ò tètè ta. Ó ń fojú ka ọmọ ayò inú ilé bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá kó ilé kan tó kún dẹ́múdẹ́mú, ó ta á yí ọpọ́n, ó jẹ mẹ́ta, ó tún fa méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde. Bàbá figbe ta: “Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?” Màmá àgbà ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Èmi ni. Ìwọ ò ráyè kọ́ ọ.” Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Wọ́n da ẹ̀gúsí síwájú èmi náà, mo bá wọn bó o. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, àdúrà mi ò gùn rárá. Ohun tí ǹ bá bá wọn tọrọ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo mọ̀ pé ọjà wọ́n, owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án sì ti ń sáré bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pa iṣẹ́ tì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá délé lálẹ́, tí ẹ jẹun tán, tí ẹ wá tẹjú mọ́ fóònù títí oorun fi gbé yín lọ, owó wo lẹ ń wá nígbà yẹn? Ẹ pàlọ́ kan fún wọn. Bí ẹ ò bá rántí àlọ́, ẹ sọ ìtàn bí ẹ ṣe gun òkè Ìdànrè nígbà èwe, ẹ má kàn fi irọ́ kún un jù. Deutarónómì 6:7 ní kí a kọ́ ọmọ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ní kí n dá sílẹ̀ wà.

Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ dúró ní ìsọ̀ fún wákàtí mélòó kan ń kọ́ṣẹ́, ó dáa. Ọmọ tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ìgboro tiwa náà lẹ́rù, pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń já wọ àdúgbò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Kí àwọn ará àdúgbò kan náà pín in ṣe: ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ Ajé kó máa wò wọ́n, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ láàárín wa ńkọ́? Ẹ má dúró kí wọ́n tó wá, ẹ lọ pè wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ò ní tètè túká lẹ́yìn ìsìn. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ló ni àgbàdo, àwọn náà ló ni èédú, àwọn náà ni yóò sì sun ún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó. Àga àwọn àgbà yóò wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ bá wa mú àlọ́ dání. Ẹni tó bá ní ọpọ́n ayò kó gbé e wá, kó sì ka ọmọ ayò rẹ̀ kó pé 48 kó tó kúrò nílé.