Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀rù Badoo àti Ìdájọ́ Ojú Pópó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbàgbé ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé onílé lóru ní Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lójú oorun. Wọ́n wọ ilé ìjọsìn pẹ̀lú. Ọlọ́pàá sọ pé àwọn afurasí kan jẹ́wọ́ pé aṣọ ìnujú ni àwọn fi ń nu ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n pa, kí àwọn lè tà á fún àwọn tó ń ṣe oògùn owó.

Ẹ̀rù tó bá àwọn ará Ìkòròdú kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó bẹ̀rù. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ àdúgbò títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn mìíràn kó ẹrù wọn kúrò nínú ilé tí wọ́n fi òógùn ojú kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́ tí ìpànìyàn náà kò dáwọ́ dúró, gbogbo àjèjì wá di Badoo lójú àwọn tí kò rí oorun sùn. Ní oṣù Keje ọdún 2017, àwọn èrò dá apanilẹ́rìn-ín kan dúró ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú, pẹ̀lú àwọn ẹni méjì mìíràn, wọ́n pè wọ́n ní Badoo, wọ́n sì pa wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Àwọn tó pa wọ́n, tí wọ́n gbà pé àwọn ń dáàbò bo ọmọ wọn, sọ ọmọ ẹlòmíràn di òkú láàárín ìwọ̀nba àsìkò tí kò tó láti béèrè orúkọ àti ibi tó ti ń bọ̀.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Odógunyàn, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Nínú Jòhánù 7:51, nígbà tí àwọn aláṣẹ ti pinnu ohun tí wọn yóò fi Jésù ṣe, Nikodémù bi wọ́n bóyá òfin àwọn Júù ń dá ènìyàn lẹ́jọ́ láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, síbẹ̀ ó ti sọ ọ́. Ọlọ́run ti mọ ohun tí ìbínú ẹni tí wọ́n pa ènìyàn rẹ̀ lè ṣe, ìdí nìyí tó fi pàṣẹ ìlú ààbò mẹ́fà nínú Númérì 35, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pa ènìyàn má baà kú kí ó tó dúró níwájú ìjọ fún ìdájọ́. Bí Olúwa bá ṣe èyí fún ẹni tí ó pààyàn ní tòótọ́, mélòó mélòó ni ẹni tí a kàn fura sí?

Nítorí náà, bí ariwo bá sọ lórí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe gbé igi, ẹ má ṣe gbé táyà, ẹ má sì fi fóònù ya ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ pe baálẹ̀, ẹ pe èmi náà, ohunkóhun tí aago ìbáà lù. Ní ìpàdé àdúrà ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gbàdúrà fún àwọn ìdílé tí Badoo sọ di òfo, a ó sì gbàdúrà pẹ̀lú omijé kan náà fún àwọn ìdílé àwọn tí èrò pa ní orúkọ Badoo.