Ohun tí màá fi sínú ìwé ìtàn kọ̀ǹpútà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ará ilé ńkọ́? Mo gba lẹ́tà rẹ, o sì bèèrè ibi tí mo bá ìwé ìtàn kọ̀ǹpútà yẹn dé. Mi ò tíì kọ púpọ̀. Ohun tí màá fi sí i àti ohun tí màá yọ ni kò jẹ́ n ráyè sùn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: ta ló kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà? Ìjà yẹn ò lè tán. Konrad Zuse, ẹnjiníà ará Jámánì, parí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ tó ń jẹ́ Z3 ní Berlin lọ́dún 1941, bọ́ǹbù sì bà á jẹ́ ní 1943. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Britain fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Colossus tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ogun Jámánì, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí di àwọn ọdún 1970. Ẹni tó kọ ìtàn ṣáájú ìgbà yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wà! Ojú ìwé díẹ̀ ni màá fi sílẹ̀ fún ìjà yẹn.

Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ìwé náà dá lé: ta ló ń ṣírò tẹ́lẹ̀, kí ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló wá ń darí ẹ̀rọ. Wo ENIAC, kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà ogun yẹn. Àwọn obìnrin ló ń fọwọ́ ṣírò ibi tí ọta àgbá máa balẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n mú mẹ́fà nínú wọn láti máa darí ENIAC. Kò sí ìwé ìlànà, wọn ò sì kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn obìnrin náà wọ yàrá ẹ̀rọ. Àwòrán wáyà rẹ̀ ni wọ́n kó fún wọn pé kí wọ́n lọ fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wáyà ni wọ́n ń yọ níhìn-ín tí wọ́n ń kì bọ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ̀rọ náà lè mọ ìṣirò tó máa ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í han aráyé ní 1946, ìṣirò tí Jean Jennings àti Betty Snyder tò sínú rẹ̀ ló ya èrò lẹ́nu: ó parí kí ọta gidi tó lè balẹ̀. Wọ́n se àsè lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò pe àwọn obìnrin yẹn. Tí mo bá fi èyí sílẹ̀, kí ni mo wá ń kọ?

Kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ LEO náà ò ní yọ. Lyons, ilé-iṣẹ́ tíì àti kéèkì ní Britain, ló kọ́ ọ fún ara rẹ̀. Láti 1951 ló ti ń bá wọn ṣírò iye ọjà tí wọ́n ń yan, nígbà tó yá ó tún gba ìṣirò owó òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ti yẹ lọ, o mọ̀ mí.

Charles Babbage, ará England tó ya àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò ńlá ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjì sẹ́yìn ńkọ́? Ìpínrọ̀ kan. Ẹ̀rọ tí kò kọ́ parí ò lè gba odindi orí lọ́wọ́ mi. Ada Lovelace, obìnrin tó kọ̀wé nípa ẹ̀rọ Babbage, nìkan ni màá dúró tì díẹ̀, torí ó ti rí i ní 1843 pé ẹ̀rọ tó ń ṣírò nọ́ńbà lè fi orin náà ṣiṣẹ́.

Géèmù ló kù. Géèmù kan tó ń jẹ́ Spacewar ti wà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, láti 1962, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì jẹ́ pé géèmù ló kọ́kọ́ mú wọn fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Olóòtú mi ní kí n yọ ọ́. Ìwọ tó o máa ń ta géèmù títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí lo rí sí i? Tètè fèsì, wọ́n ti ń bi mí ní ètò orí ìwé náà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ